Nọ́ńbà Rẹ Tí Mo Sọ Di Tèmi

Agbo-ilé Tísà,
Ọ̀tà.

Rábíátù, Àwẹ̀ró mi,

Ìrètí mi ni pé ìwé yìí bá ọ níbi tí o ti jókòó dáadáa, pé ara rẹ dá, pé omi Ìlọrin sì bá ọ lára mu. Gbogbo wa wà níbí. Ìyá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé ẹran Iléyá tí òun yan fún ọ ṣì wà lórí àjà, ó ti gbẹ bí pákó, òun kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. A retí rẹ nígbà Iléyá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo rìn dé tẹ́ṣàn Ìjòkó láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn tí mo dúró de ọkọ̀ ojú irin. Bí ẹnikẹ́ni bá kí mi, mo ní mo wá wo iye tí wọ́n ń ra obì ni. N kì í ra obì, ọmọ mi. N kì í sì í tà á.

Láti àárọ̀ ni mo ti jókòó ti ìwé yìí. Ìyá rẹ kọjá, ó yọjú wò ó, ó ní, “Bàbá Rábí, ìwé wo lẹ ń kọ tí kò tíì kọjá orúkọ ọmọ?”

Mo ní kó fi mí sílẹ̀.

“Mo ti fi yín sílẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ má fi ìwé ọ̀hún sílẹ̀ o, bí ẹ ti máa ń fi gbogbo nǹkan sílẹ̀.”

Ó rẹ́rìn-ín lọ. Ó mọ̀ mí. Tísà ni mí rí, mo fi í sílẹ̀. Mo kọ́ṣẹ́ télọ̀ fún oṣù mẹ́jọ, mo fi í sílẹ̀. Nísinsìnyí akọ̀wé ni mí níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú, ẹsẹ̀ sì ti tún ń yún mi. Ṣùgbọ́n ìwé yìí, bí Ọlọ́hun bá fẹ́, n ó parí rẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ ọ́ ni gbólóhùn kan nínú ìwé tí o kọ sí wa gbẹ̀yìn. O ní ọ̀gá yín fẹ́ kí o máa kọ́ àwọn ọmọbìnrin kíláàsì òkè ní ìṣirò, pé kí o fún òun lésì kí ilé ẹ̀kọ́ tó wọlé, pé ìwọ sì fẹ́ bẹ̀ ẹ́ kó fún ọ ní ìránṣọ dípò rẹ̀. O wá kọ ọ́ báyìí: “Ẹ̀yin náà mọ̀, Bàámi, n kò ní orí ìṣirò.”

Mo ka gbólóhùn yẹn, mo ká ìwé náà, mo tún tú u, mo tún kà á. Rábíátù, n kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ o. Òdìkejì rẹ̀ ni mo mọ̀. Ó di ọdún mẹ́tàlá báyìí tí mo ti mọ̀ ọ́n, n kò sì sọ fún ọ.

Mo fẹ́ gbà ọ́ nímọ̀ràn bí bàbá ti ń gba ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ nímọ̀ràn. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ni mò ń wò. N ó fi ibi tí mo ti ṣubú hàn ọ́, kí ìwọ lè mọ ibi tí o máa fẹsẹ̀ tẹ̀.

Èkíní: má ṣe fi kíláàsì rẹ sílẹ̀.

O rántí Búráímọ̀ tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní òdìkejì ilé ẹ̀kọ́ wa. Nígbà yẹn tí mo jẹ́ tísà yín, mò ń fẹ́ kẹ̀kẹ́ bí ọkùnrin mìíràn ti ń fẹ́ ìyàwó. Búráímọ̀ ń to ògbólógbòó kan jọ fún mi díẹ̀díẹ̀, n kò sì lè jókòó ní kíláàsì kí n máà lọ wo ibi tó bá a dé. Ọgbọ́n tí mo dá ni pé mo máa ń fún yín ní ìṣirò gígùn, kí ẹ lè dákẹ́ jẹ́ẹ́ títí n ó fi dé. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, mo kọ ọ́ sí pátákó pé kí ẹ pín 1,000,000 sí ọ̀nà méje. Mo sọdá títì.

“Tísà, o tún ti dé,” ni Búráímọ̀ wí. “Ta lo fi àwọn ọmọ ọlọ́mọ tì?”

“Wọ́n ń ṣe ìṣirò. Mo ní kí wọ́n pín àádọ́ta ọ̀kẹ́ fún ẹni méje. Ìyẹn á gbà wọ́n di ọ̀sán.”

Kò tilẹ̀ gbé ojú kúrò lára táyà tó ń lẹ̀. “Ọ̀kẹ́ méje méje, ó ku ọ̀kẹ́ kan. Èyí náà ló máa gba ènìyàn di ọ̀sán?”

“Ọ̀kẹ́ kan tó kù ńkọ́? Wọ́n máa pín ìyẹn náà ni.”

“Kí ni wọ́n ń pín in fún? Ọ̀kẹ́ kan tó kù, ẹni tó pín in ló ni ín. Ẹ̀yin alákọ̀wé sá!”

A rẹ́rìn-ín. Mo jókòó tì í títí oòrùn fi gun orí. Kẹ̀kẹ́ ọ̀hún kò sì ní bíréèkì títí di ọjọ́ tí mo tà á.

Àwẹ̀ró, bí o bá wọ kíláàsì, wọ̀ ọ́ tán. Ohun tó ń pè ọ́ níta kò ní kú kí agogo tó lù. Ká ní mo jókòó lọ́jọ́ náà, ìṣojú mi ni ìwọ ìbá ti ṣe ohun tí o ṣe, n kì bá sì lè pè é ní irọ́.

Èkejì: yẹ̀ ẹ́ wò kí o tó gbé pàṣán.

Èsì ìṣirò náà ni 142,857, ó sì ku ẹyọ kan. Ní ẹnu àwọn bàbá wa, ọ̀kẹ́ méje, ẹgbẹ̀rìnlá àti mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Nígbà tí mo padà wọlé, àwọn yòókù ṣì ń jà pẹ̀lú rẹ̀. Ìwọ ti parí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni ọ́. O ti nu gbogbo iṣẹ́ kúrò lórí síléètì, o fi èsì nìkan sílẹ̀ lókè, o wá to ìlà márùn-ún sí abẹ́ rẹ̀:

142857
285714
428571
571428
714285
857142

Ohun tí ojú mi rí ni ọmọ tó kó nọ́ńbà mẹ́fà, tó ń pààrọ̀ ibi tí wọ́n dúró sí, tó ń fi síléètì ṣeré.

“Rábíátù, kí lèyí?”

“Mo sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, sà. Mo tún sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, títí dé mẹ́fà. Àwọn kan náà ló ń jáde, sà. Wọn ò sì fi ara wọn sílẹ̀.”

Ọmọkùnrin kan kígbe lẹ́yìn pé, “Rábí ń ro nọ́ńbà bí ọkà!” Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

“O kàn ń da nọ́ńbà kan náà kọ ni,” ni mo wí.

“Ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò, sà.”

N kò yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ti ń bi ara mi léèrè láti ìgbà náà pé kí ló dé. Ó lè jẹ́ pé ojú ń tì mí nítorí ibi tí mo ti ń bọ̀, táyà ṣì ń rùn lọ́wọ́ mi. Ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀rù bà mí. Mo ka ìwé gíráámà l'Ékòó, ẹnikẹ́ni kò fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ hàn mí rí. Bí ọmọ mi bá rí i kí n tó rí i, kí ni mo lọ ṣe l'Ékòó? Mo nà ọ́ lẹ́gba márùn-ún ní àtẹ́lẹwọ́, ọ̀kan fún ìlà kọ̀ọ̀kan. Mo wá sọ èyí tó burú ju ẹgba lọ. Mo ní, “Lọ máa kọ́ ìránṣọ. Ìwọ ò ní orí ìṣirò.”

O fi etí aṣọ rẹ nu síléètì, o jókòó. O ò sunkún. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kì í ṣeé kó.

O gba ìṣirò náà, ọmọ mi. Gbogbo ìlà márààrún ni o gbà. Mú ìwé kí o ṣe é báyìí, kí o tó kà síwájú.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù Búráímọ̀, mo fi ẹfun kọ ọ́ sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Mò ń wá àṣìṣe rẹ. Bí mo bá rí ẹyọ kan péré, ọkàn mi á balẹ̀. Mo sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ó rí bí o ti kọ ọ́. Mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ náà ni. Búráímọ̀ tó fara tì mí lẹ́yìn kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó ń wo bí àwọn nọ́ńbà náà ti rí. Ó nawọ́ fa ṣéènì kẹ̀kẹ́ kan, ó ń yí i lọ́wọ́.

“Bí èyí ni, Tísà. Kò sí ojú ṣéènì kan tó kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì rẹ̀. Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ nìkan ló ń yàtọ̀. Ta ló rí i?”

“Ọmọ mi.”

“Èyí tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọwọ́ lọ sílé lẹ́ẹ̀kan?”

Mo sọ ẹgba náà àti ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí ọ fún un.

“Lọ bẹ̀ ẹ́.”

“Bàbá á máa bẹ ọmọ?”

“Bàbá tó na ọmọ láìṣẹ̀ ńkọ́?”

“Á gbàgbé, Búráímọ̀. Ọmọdé ni.”

“Á gbàgbé ẹgba. Ọ̀rọ̀ tí o sọ sí i ńkọ́?”

Mo ní kó dojú kọ táyà rẹ̀. Ó sì dojú kọ ọ́.

Lẹ́yìn tó ti wọlé lọ, èmi nìkan ṣe èyí tí o kò tíì dé, ìlọ́po méje. Mo rò pé á tún yí bí ti àtẹ̀yìnwá. Kò yí. 999,999 ló jáde. Mẹ́sàn-án mẹ́fà tò ní sàfú bí ẹni fẹ́ kírun, kò sí ẹni tó yọrí ju èkejì rẹ̀. Ó yẹ kí n ti mọ̀: àádọ́ta ọ̀kẹ́ tí a pín sí méje, ẹyọ kan ló kù, bí o bá yọ ẹyọ yẹn kúrò, ohun tó kù ni mẹ́sàn-án mẹ́fà. Ṣùgbọ́n kí a mọ ìdí nǹkan kò ní kí nǹkan ọ̀hún má dẹ́rù bani. Mo pa á rẹ́ pẹ̀lú àtẹ́lẹsẹ̀ mi, mo lọ sílé. O ti jẹun, o ń bá ìyá rẹ ṣa ẹ̀wà.

Nítorí náà, bí ọmọ kan bá gbé èsì àjèjì wá bá ọ, jókòó tì í, kí ẹ jọ ṣe é láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bó bá ṣì í, ẹ ó jọ rí ibi tó ti ṣì í. Bí ìwọ lo bá ṣì í, sọ ọ́ lójú gbogbo wọn lọ́jọ́ náà gan-an. Mo rò pé ìtìjú náà á pọ̀ jù fún mi. Èyí tó wá sí i lẹ́yìn náà ló pọ̀ jù.

Ẹ̀kẹta. Ibí ni mo ti fi gègé sílẹ̀ ní àárọ̀ tí mo lọ ń bu omi tí ẹnikẹ́ni kò rán mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ẹgba yẹn, òyìnbó alábẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ wá sí Ọ̀tà. A ti mọ ọjọ́ tó ń bọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, mo rán ọ lọ sí Ìtẹ̀lé pé kí o lọ gba gàrí lọ́wọ́ Ìyá Àgbà. O ní, “Bàámi, ilé ẹ̀kọ́ ńkọ́?” Mo ní o lè pa á jẹ lẹ́ẹ̀kan. Gàrí wà nílé, Rábíátù. Odindi ìkòkò kan. Mo rán ọ lọ kí o má baà sí níbẹ̀ ni.

Mo mú alábẹ̀wò náà wọ kíláàsì àwọn àgbà, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti rí síléètì rẹ. Mo kọ nọ́ńbà rẹ sí pátákó. Mo sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, mẹ́ta, títí dé mẹ́fà, bí o ti tò ó gan-an. Mo wá dúró díẹ̀ bí oníṣẹ́ ìdán, mo kọ méje. Òyìnbó náà ṣí fìlà. Ó bi mí bóyá èmi fúnra mi ni mo rí i.

“Èmi ni, sà.”

Ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n sọ mí di igbákejì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, o ti Ìtẹ̀lé dé, gàrí lórí, ẹsẹ̀ rẹ kún fún eruku. Ọsàn mẹ́ta ni Ìyá Àgbà fún ọ, o ò jẹ ìkankan lọ́nà. O gbé gbogbo rẹ̀ fún mi.

“Ṣé inú alábẹ̀wò dùn sí yín, Bàámi?”

“Inú rẹ̀ dùn.”

“Mo ti ń ṣe àdúà fún yín bọ̀ láti ọ̀nà.”

Mo jẹ ọsàn náà. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé mo jẹ ẹ́.

N kò pẹ́ mọ́ ní iṣẹ́ tísà lẹ́yìn ìyẹn. Mo sọ fún gbogbo ayé pé owó rẹ̀ ni kò tó. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé bí mo bá ti dúró níwájú pátákó, tí o sì jókòó níbẹ̀, tí o ń ṣe ìṣirò mọ níwọ̀nba tó tó kí o má baà jẹ ẹgba, tí o kò jẹ́ nawọ́ sókè mọ́, ó ń ṣe mí bíi pé mo pa nǹkan kan. Bí ẹnikẹ́ni bá bá ọ rí nǹkan, dárúkọ rẹ̀. Bó ṣe ọmọ ọdún mẹ́wàá ni, dárúkọ rẹ̀. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, kì í ṣe àánú tìrẹ.

Ẹ̀kẹrin ni, àbí ẹ̀karùn-ún? N kò kà á mọ́. Máa se omi kí o tó mu ún. Má yá ẹnikẹ́ni ní àtùpà rẹ, ìyá rẹ ní kí n kọ ìyẹn sí i. Bí ọkùnrin kan bá wá fẹ́ ọ, tó bá ní o gbọ́n jù, má bá a jiyàn. Jẹ́ kó máa wá ẹni tó gọ̀ lọ. Máa kí àwọn àgbà ibẹ̀ dáadáa, àwọn ará Ìlọrin kò fi ìkíni ṣeré. Bí o bá sì ṣẹ ẹnikẹ́ni, bẹ̀ ẹ́ kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀. Ní ọjọ́ kejì, ó ti wúwo díẹ̀. Ní ọdún kẹtàlá, wo bí mo ti ń làágùn lórí ìwé.

Láti ìgbà tí o ti lọ, nọ́ńbà rẹ ni mo máa ń gbé kiri. Bí mo bá kírun Súbúù tán tí mo mú tẹ̀sùbáà, kí n tó mọ̀, mo ti ń pín in sí méjì méjì: mẹ́rìnlá, méjìdínlọ́gbọ̀n, mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Ṣe ìrò wọn. Mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ni, iye ojú tẹ̀sùbáà gan-an. Mo bẹ Ọlọ́hun kó má bínú, nítorí pé orúkọ Rẹ̀ ló yẹ kó wà lẹ́nu mi, ìwọ ni mò ń rò. Bí o bá pín in sí méjì péré, 142 àti 857, ìrò wọn jẹ́ 999. Gbogbo ibi tí o bá ti là á, ó mọ bó ṣe máa padà bá ara rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ṣe ìlọ́po mẹ́jọ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó jáde ní 1,142,856. Wò ó dáadáa. Ẹyọ kan ti bọ́ síwájú, ó dá dúró lọ́hùn-ún. Nínú ilé, gbogbo wọn wà níbi tí wọ́n máa ń wà, àfi ẹni ìkẹyìn: méje ti di mẹ́fà. Ó fi ẹyọ kan dín. Bí o bá mú ẹyọ tó lọ síwájú yẹn, tí o fi kún ti ẹ̀yìn, ilé pé, ó tún di 142,857. Ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú ni mo ti ṣe é, ariwo ayùn gba gbogbo ibẹ̀. Mo fi ojú mi pamọ́ sẹ́yìn ìwé kí àwọn òṣìṣẹ́ má baà rí i.

N kò sọ pé kí o padà wálé o. Ẹni tó lọ síwájú, iwájú ni ààyè rẹ̀. Mo kàn fẹ́ kí o mọ̀ pé a kò pé níhìn-ín, a sì mọ ẹni tí kò sí.

Èyí tí mò ń bẹ̀ ọ́ fún gan-an nìyí. Bó bá jẹ́ ìránṣọ ló wù ọ́, lọ kọ́ wọn ní ìránṣọ, n ó ṣe àdúà sí i. Ṣùgbọ́n má kọ kíláàsì ìṣirò sílẹ̀ nítorí pé o kò ní orí rẹ̀. Gbólóhùn yẹn kì í ṣe tìrẹ. Èmi ni mo fi sí ọ lẹ́nu, tèmi ni, mo sì gbà á padà lónìí. Dárí jì mí bí o bá lè ṣe é. Bí inú bá ń bí ọ, bínú dáadáa, kí o má fi pamọ́ fún mi.

Ó ku nǹkan kan. Lánàá, mo lọ bá ọ̀gá tuntun ní ilé ẹ̀kọ́ wa, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo sì ní kó jẹ́ kí n wọ kíláàsì. Ó wò mí bí ẹni wo aṣiwèrè, ṣùgbọ́n ó gbà. Mo kọ nọ́ńbà náà sí pátákó níwájú àwọn ọmọ, mo sì sọ fún wọn pé ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Rábíátù ló rí i nínú iyàrá yìí, pé tísà rẹ̀ nà án nítorí rẹ̀, pé èmi ni tísà náà. Ọmọbìnrin kékeré kan ní iwájú nawọ́.

“Ibo ló wà báyìí, sà?”

“Ó wà ní Ìlọrin. Tísà lòun náà.”

“Ṣé ìṣirò ló ń kọ́ wọn níbẹ̀, sà?”

Rábíátù, ìwọ lo ni èsì ìyẹn. Mo ní kó jẹ́ kí n bi ọ́.

Mò ń bi ọ́ o. Ṣùgbọ́n ọ̀gá rẹ ni kí o kọ́kọ́ dá lóhùn. Tèmi lè kẹ́yìn.

Èmi ni bàbá rẹ tó ṣẹ̀ ọ́, tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí ọ,

Làsísì.